Jíà mánúà àti jíà ọ́tò nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ẹbí

Jíà mánúà àti jíà ọ́tò ni oríṣi ẹ̀rọ méjì tí ó wọ́pọ̀ jùlọ láti gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Nínú ọkọ̀ mánúà, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí ó sì ń fi ọwọ́ yí jíà láti ọ̀kan sí èkejì. Nínú ọkọ̀ ọ́tò, ẹ̀rọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Pẹ́dà méjì péré ni ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ọ̀kan fún ìsáré, èkejì fún bíréèkì.

Yíyàn láàárín méjèèjì kan owó, ààbò àti ìrọ̀rùn gbogbo ẹbí. Ní Ìsundunrin àti àwọn ìlú mìíràn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èjìgbò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọkọ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ èyí tí yóò gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí yóò kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti oko, tí yóò sì gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Ní irú ibẹ̀, ìbéèrè pàtàkì kì í ṣe èwo ni ó dára jù nínú mánúà àti ọ́tò. Ìbéèrè náà ni ta ni yóò wà á, ọ̀nà wo ni yóò máa rìn, ta ni yóò sì tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́.

Iṣẹ́ tí jíà ń ṣe

Ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo bẹntiróòlù kì í ní agbára kan náà ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá ń yí ní ìwọ̀n ìgbà 700 sí 800 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tí ó ní kò ju èyí tí yóò fi wà láàyè lọ. Bí ó bá lọ sílẹ̀ púpọ̀ sí i, yóò kú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró pátápátá, kí ó lè rọra yí nínú ẹrẹ̀, kí ó sì lè sáré lójú títì. Jíà ni ó ń ṣe onílàjà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ẹni tí ó ru ẹrù gun òkè máa ń gbé ìṣísẹ̀ kúkúrú. Bí ó bá dé orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ìṣísẹ̀ rẹ̀ á gùn sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jíà rí. Jíà kìíní ń dín ìyára kù, ó sì ń fi kún agbára, nítorí náà òun ni a fi ń gbéra àti èyí tí a fi ń gun òkè tí ó ga. Jíà kẹrin tàbí ìkarùn-ún ń jẹ́ kí ọkọ̀ sáré láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń yí ju bó ti yẹ lọ, èyí sì ń dín epo tí ó ń jó kù.

Bí jíà mánúà ṣe ń ṣiṣẹ́

Láàárín ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà ni kílọ́ọ̀ṣì wà. Ó jẹ́ àwo pẹrẹsẹ kan tí a fún mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bí awakọ̀ kò bá tẹ pẹ́dà rẹ̀, àwo yìí àti ẹ́ńjìnnì á jọ máa yí. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì á pínyà, awakọ̀ á sì lè yí jíà láìsí ariwo. Bí ó ti ń rọra gbé ẹsẹ̀ sókè ni àwo náà ń padà di ẹ́ńjìnnì mú.

Ìgbà tí àwo náà bá ń yọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì kí ó tó dì í mú ni ó máa ń jẹ. Nítorí náà, awakọ̀ tí kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, tàbí tí ó ń fi kílọ́ọ̀ṣì nìkan di ọkọ̀ mú lórí òkè dípò bíréèkì, yóò tètè jẹ ẹ́ tán.

Bí jíà ọ́tò ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ́tò, òróró ni ó dípò kílọ́ọ̀ṣì. Bí a bá gbé fáànù méjì kọjú sí ara wọn, tí a sì tan ọ̀kan, atẹ́gùn rẹ̀ yóò máa yí èkejì bí a kò tilẹ̀ tan èkejì. Ohun tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà ọ́tò jọ èyí, ṣùgbọ́n òróró ni ó wà nínú rẹ̀ dípò atẹ́gùn. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ọ́tò fi lè dúró pẹ̀lú jíà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kú, ìdí rẹ̀ náà sì nìyí tí ó fi máa ń rọra rìn fúnra rẹ̀ bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Nínú àpótí náà, agbára òróró ni ó ń mú àwọn jíà kan dúró, tí ó sì ń tú àwọn mìíràn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyára ọkọ̀ àti ẹrù tí ó gbé ṣe rí.

Àwọn lẹ́tà tí ó wà lára ọ̀pá jíà ọ́tò ní ìtumọ̀ tiwọn. P wà fún ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró sí ààyè rẹ̀, nítorí ó ń fi irin kan há àpótí jíà. R ni ìfàsẹ́yìn. N ni èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní fírì, níbi tí ẹ́ńjìnnì kò ti fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ rárá. D wà fún lílọ síwájú. L tàbí nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé D ń dá ọkọ̀ dúró sí jíà kékeré, ó sì wúlò fún gígun òkè tí ó le tàbí sísọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀.

Oríṣi méjì mìíràn tún wà tí àwọn tí ń ra ọkọ̀ ń pè ní ọ́tò. Èkíní ni CVT, tí kò ní jíà kìíní tàbí ìkejì. Bẹ́líìtì onírin kan ni ó ń yí láàárín àwo méjì tí ń fẹ̀ tí ó sì ń súnkì. Èkejì ni ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì méjì, níbi tí kílọ́ọ̀ṣì kan ti ń darí jíà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún, tí èkejì sì ń darí àwọn yòókù, tí kọ̀ǹpútà sì ń tẹ méjèèjì. Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ mọ èwo ni ó fẹ́ rà, nítorí òróró wọn yàtọ̀, àtúnṣe wọn náà sì yàtọ̀.

Ìtàn

Jíà àfọwọ́yí ti wà láti àwọn ọdún 1890, nígbà tí ilé iṣẹ́ Panhard et Levassor ní ilẹ̀ Faransé ń ṣe ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń yọ̀ wọ inú ara wọn. Yíyí jíà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ọgbọ́n àti agbára. Ní ọdún 1928, ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà mú ẹ̀rọ kan jáde tí ó ń mú kí ìyára àwọn jíà dọ́gba kí wọ́n tó wọ inú ara wọn, èyí sì mú ìrọ̀rùn bá àwọn awakọ̀. Ilé iṣẹ́ General Motors ni ó kọ́kọ́ ta jíà ọ́tò fún àwọn èrò lọ́pọ̀ yanturu. Hydra-Matic ni wọ́n pè é, inú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940 ni ó sì ti kọ́kọ́ jáde. Láti ìgbà náà ni ọ́tò ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù ṣì di mánúà mú fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé epo wọ́n lọ́dọ̀ wọn, ọkọ̀ wọn sì kéré.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó ṣe àlàyé irú ọkọ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún kan náà. Peugeot 504 àti Volkswagen tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjàpá di ọkọ̀ àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò. Mánúà ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Ìran awakọ̀ àti mẹkáníìkì tí ó dàgbà lórí àwọn ọkọ̀ yìí mọ kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni mọ owó.

Nígbà tí owó náírà rẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, apá ọ̀pọ̀ ẹbí kò ká ọkọ̀ tuntun mọ́. Ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun gba ojú ọjà, wọ́n sì sọ ọ́ ní tòkunbọ̀, orúkọ tí àwọn Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé. Ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká gbogbo Nàìjíríà báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ ti Yúróòpù wá, mánúà sì pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni Toyota Corolla, Toyota Camry àti Honda Accord tí wọ́n ti lò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, nínú ọkọ̀ tuntun 100 tí wọ́n ń tà, èyí tí ó jẹ́ mánúà kò tó 5 mọ́. Ẹni tí ó bá ń wá ọkọ̀ ẹbí lónìí máa ń bá ọ́tò pàdé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe nítorí pé ó yàn án, bí kò ṣe nítorí pé òun ni ó wà ní ọjà. Mánúà ṣì lágbára nínú ọkọ̀ akérò, pàápàá jùlọ bọ́ọ̀sì Toyota HiAce àti takisí Nissan Micra tí ó gbajúmọ̀ ní Ìbàdàn.

Ohun tí ẹbí ń gbé yẹ̀ wò

Ojú ọ̀nà. Èjìgbò wà ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti nǹkan bí kìlómítà 24 sí Ẹdẹ. Ní irú ìrìn àjò báyìí, awakọ̀ mánúà kì í yí jíà púpọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò nínú ìlú, ìnira tí kílọ́ọ̀ṣì ń fà kò sì tó nǹkan. Lójú ọ̀nà oko tí òjò ti sọ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, mánúà ń jẹ́ kí awakọ̀ yan jíà tí ó fẹ́, kí ó sì dúró lórí rẹ̀. Èkó yàtọ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, awakọ̀ mánúà lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà kí ó tó délé. Níbẹ̀ ni ọ́tò ti ń gba ẹsẹ̀ àti orúnkún sílẹ̀. Ẹbí tí ń gbé ní Èkó tí ó kàn ń wá sílé fún ọdún àti ìnáwó kò ní ìdí kan náà pẹ̀lú ẹbí tí ń gbé ní Ìsundunrin láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ.

Epo. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, iye owó jálá kan sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè nípa ìwọ̀n epo tí ọkọ̀ ń jó ti di ti gbogbo ilé. Ọkọ̀ ọ́tò àtijọ́ sábà máa ń jó epo ju mánúà lọ, nítorí pé òróró tí ń yí nínú rẹ̀ ń fi agbára díẹ̀ ṣòfò, jíà rẹ̀ sì kéré níye. Bí àpẹẹrẹ, Toyota Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2003 sí 2008 ní jíà mẹ́rin bí ó bá jẹ́ ọ́tò, ó sì sábà máa ń ní márùn-ún bí ó bá jẹ́ mánúà. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun tí ọ́tò wọn ní jíà mẹ́fà sí mẹ́wàá, tàbí tí wọ́n ń lo CVT, ìyàtọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọ́tò mìíràn tilẹ̀ ń fi epo pamọ́ ju mánúà lọ. Ọjọ́ orí ọkọ̀ ṣe pàtàkì níbí.

Àtúnṣe. Kílọ́ọ̀ṣì mánúà yóò jẹ tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ìlú kékeré lè sọ àpótí jíà kalẹ̀, kí ó pààrọ̀ àwo náà, kí ó sì gbé e padà pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ àpótí ọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kọ̀ǹpútà sì ń darí, nítorí náà wíwá ohun tí ó ṣe é máa ń béèrè ẹ̀rọ àyẹ̀wò àti ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà ni kí wọ́n yọ àpótí náà sọnù, kí wọ́n sì ra òmíràn tí ó jẹ́ tòkunbọ̀ ní irú ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ti Agodi Gate ní Ìbàdàn. Owó ọ̀nà, owó ọkọ̀ tí yóò wọ́ ọkọ̀ tí ó bàjẹ́, àti ewu pé àpótí àlòkù náà lè má pẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ẹni tí ó jìnnà sí ìlú ńlá gbọ́dọ̀ kà mọ́ iye ọkọ̀.

Bátìrì. Bí bátìrì bá kú, àwọn ènìyàn mélòó kan lè ti ọkọ̀ mánúà, kí awakọ̀ fi í sí jíà kejì, kí ó sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lójijì, ẹ́ńjìnnì á sì jí. Èyí kò ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ́tò, nítorí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa yí kí òróró tó ní agbára láti di jíà mú. Ẹbí tí ó ní ọ́tò ní ìlú kékeré nílò bátìrì tí ó péye, àti wáyà tí wọ́n lè fi gba iná lára bátìrì ọkọ̀ mìíràn.

Àwọn awakọ̀. Níbí ni ọ́tò ti ń dá ẹ̀san padà. Ẹni tí ń kọ́ mánúà máa ń lo àkókò púpọ̀ kí ọkọ̀ tó yé pa mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí òkè. Ọ́tò rọrùn láti kọ́. Bàbá àgbà tí orúnkún ń dùn, ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nípa iṣẹ́ abẹ tí dókítà sì ti gbà láyè láti máa wakọ̀, tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, lè wa ọ́tò nígbà tí mánúà yóò ṣòro fún wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ní ilé ni ó lè wa mánúà, tí ẹni náà kò sì sí nílé lóru tí àìsàn dé, ọkọ̀ tí ó wà lágbàlá kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. A lè sọ pé mánúà ni ọwọ́ púpọ̀ lè tún ṣe, ọ́tò sì ni ọwọ́ púpọ̀ lè wà. Ẹbí kọ̀ọ̀kan ni yóò mọ èyí tí àìní rẹ̀ yóò dùn ún jù.

Ààbò. Ewu tí ó wọ́pọ̀ nínú ọ́tò ni ṣíṣi pẹ́dà tẹ̀, tàbí fífi ẹsẹ̀ méjì wà á. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́. Ó tún léwu láti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ́tò kí a tó fi í sí P, kí a sì fa bíréèkì ọwọ́, nítorí ọkọ̀ náà lè gbéra fúnra rẹ̀. Nínú mánúà, ewu ni kí ọkọ̀ yí padà sẹ́yìn lórí òkè. Nínú méjèèjì, fífi ọkọ̀ sí fírì nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè léwu, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò ní bá bíréèkì dá ọkọ̀ dúró mọ́. Kò sì fi epo pamọ́ bí àwọn kan ṣe rò. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé máa ń dá epo dúró fúnra wọn bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú jíà nínú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ jó epo bí ó bá wà ní fírì.

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ní òkè òkun

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ agbègbè Èjìgbò tí ó ń rìnrìn àjò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣòwò tí wọ́n sì ń gbé ní Abidjan, ní Côte d'Ivoire, àwọn mìíràn sì ti lọ sí Brítéènì. Ní Brítéènì, ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ ọ́tò ṣe ìdánwò ìwakọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti wa mánúà. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò mìíràn. Ẹni tí ó fi mánúà yege lè wa méjèèjì. Ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ Nàìjíríà lè fi wakọ̀ níbẹ̀ fún oṣù 12 péré lẹ́yìn tí ó bá ti di olùgbé, lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe ìdánwò tiwọn. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ó ti kọ́ mánúà nílé ti ní ìmọ̀ tí yóò wúlò fún un lẹ́yìn odi, bí ẹbí rẹ̀ tilẹ̀ ra ọ́tò.

Àyẹ̀wò kí a tó ra ọkọ̀ àlòkù

Fún mánúà, ẹni tí ń rà á lè fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa ní ibi gbalasa, kí ó fi ọkọ̀ sí jíà kẹta, kí ó sì rọra jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ṣì lágbára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń bá yíyí lọ láìkú, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Jíà tí ó ń han etí tàbí tí ó ń fò jáde fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì pé inú àpótí ti bàjẹ́.

Fún ọ́tò, ó dára kí a bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, nítorí ooru lè bo àléébù kan mọ́lẹ̀, kí a sì tún un ṣe nígbà tí ó bá gbóná, nítorí òmíràn kì í hàn àfi nínú ooru. Kí a fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kí a yí i láti P sí R àti sí D. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dì mú, tàbí tí ó já ọkọ̀ pẹ̀lú agbára, ẹ̀rí àléébù ni. Nínú ọkọ̀ tí ó ní ọ̀pá ìwọn òróró jíà, òróró tí ó dára sábà máa ń pupa tí ó sì mọ́. Èyí tí ó ti dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná ń kìlọ̀ fún olùrà.

Ìtọ́jú

Irú òróró tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí a rọ sínú àpótí ọ́tò. Òróró ẹ́ńjìnnì kò lè dípò rẹ̀, òróró ọ́tò lásán kò sì yẹ fún CVT. Ooru ni ọ̀tá ọ́tò, nítorí náà ẹni tí rédíétọ̀ rẹ̀ ń jò gbọ́dọ̀ tètè tún un ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ara rédíétọ̀ náà ni òróró jíà ti ń tutù. Bí ọ́tò bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kò yẹ kí a fi okùn wọ́ ọ jìnnà pẹ̀lú àwọn ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí nílẹ̀, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, òróró kò ní dé inú àpótí náà, yóò sì run. Gbígbé e sórí ọkọ̀ mìíràn ni ó dára jù.

Ọjọ́ iwájú

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná mànàmáná kò ní ju jíà kan ṣoṣo lọ, nítorí pé mọ́tò iná lágbára láti ìgbà tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì, kò sì ní jíà tí a ń yí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i ní àgbáyé, iye mánúà tuntun yóò máa dín kù. Àmọ́ tòkunbọ̀ tí ó ń wọ Nàìjíríà máa ń jẹ́ ọkọ̀ ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, nítorí náà yíyàn láàárín mánúà àti ọ́tò yóò ṣì wà níwájú àwọn ẹbí agbègbè Èjìgbò fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹbí tó sanwó, ó dára kí wọ́n ka iye àwọn tí ó lè wa ọkọ̀ náà nínú ilé, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí ó sún mọ́ wọn jùlọ bóyá ó lè tún un ṣe.